Katakata Tó Pa Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti tún katakata tó pa yín ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣakí dé ọ̀dọ̀ yín tó bu iyọ̀ sí i.

Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé mi dé ìdí rẹ̀ o. Ìbínú ni. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ yín, àbúrò yín, Bàbá Ràṣídì, pe ẹbí jọ, ó ní irin tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ onílé kì í gbé inú ilé mọ́. Ó ní tí òun bá ti kírun Jímọ̀ tán, òun á fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá kó o. Gbogbo wọn gbà. Èmi náà gbà, àmọ́ mi ò lè dúró de Jímọ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé òòlù tèmi, mo sọdá sí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní òdìkejì títì.

Mo lù ú, Bàbá. Ẹ mọ agbada irin tó dojú délẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí abẹ méjì ń yí nínú rẹ̀ láti gé koríko? Ibẹ̀ ni mo dojú kọ. Mo ń lù ú, mo ń ṣépè, òógùn àti ikun ń dà lójú mi. Ìpẹtà ń já bọ́. Níbi tó ti já ni mo ti rí ihò tí abẹ gbà jáde wá bá itan yín lórí pápá ilé ìwé. Irin ibẹ̀ ti jẹ tán, kò nípọn ju bébà lọ. Mo tú abẹ kejì tó ṣẹ́kù, mo fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó. Ẹgbẹ́ kan tẹ̀ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ló fi sípíríǹgì lọ́rì rọ ọ́ fún yín nígbà tí ẹ kò rí ojúlówó rà. Ó mú bí abẹ onígbàjámọ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò wúwo bákan náà. Ohun tó ń yí kíkankíkan tí kò dọ́gba, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n títí yóò fi já. Ṣé ẹ kò mọ̀ ọ́n lára pé ó ń gbọ̀n ni? Àbí ẹ mọ̀, tí ẹ ní kí pápá yẹn ṣáà tán ná?

Mo ju òòlù nù, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé iṣẹ́ wẹ́dà tí ẹ fi mí kọ́ dé, iṣẹ́ tí gbogbo ẹbí ní kò yẹ obìnrin. Mo gé ibi tó jẹrà kúrò, iná ta sí mi lápá, mi ò tilẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo jó irin tuntun mọ́ ọn. Mo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún abẹ méjì tó dọ́gba, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì, mo kùn ún ní pupa. Mo ń rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé e gba ẹnubodè Ìjìó wọlé, àlòkù tí òyìnbó ti lò sú. Fìlà yín lẹ fi nù ún kí ẹ tó kí ìyá mi. Ó bínú sí yín títí di alẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Bàbá Ràṣídì ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ pẹ̀lú òòlù, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Mo dúró síwájú katakata.

“Kúrò níbẹ̀, ìwọ ọmọ yìí, kí n má baà lù ọ́ mọ́ irin!”

Ó fọ́ iná iwájú katakata. Mo fi sípánà gbá a lápá, ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ó gbá mi létí, eyín mi kan bọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí ọmọ na àbúrò bàbá rẹ̀. Tí ẹ ó bá bínú, ẹ bínú. Mi ò tọrọ àforíjì.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi jáde. Ẹ mọ̀ pé opó tó wà nínú takaba kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ìta. Ó la títì kọjá lọ́sàn-án gangan láìwọ bàtà, gbogbo àdúgbò lanu sílẹ̀. Ó gba àárín wa kọjá, ó gun katakata. Gbogbo ara ẹ̀rọ náà ni mo kùn, àmọ́ mi ò lè fọ àga yẹn. Orí ẹ̀jẹ̀ yín tó gbẹ ni ìyá mi jókòó lé.

“Bàbá Ràṣídì, òun ló pa ọkọ mi. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa sìn mí.”

Bàbá Ràṣídì tún gbé òòlù sókè. Ìyá mi yí kọ́kọ́rọ́. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi abẹ sí iṣẹ́, ó sì kọjú ẹ̀rọ tó ń bú ramúramù sí i. Òkúta àti koríko ń fò lu jàlàbíà rẹ̀. Bàbá Ràṣídì ju òòlù nù, ó bẹ́ sínú gọ́tà. Ìyá mi gé koríko yí ṣẹ́ẹ̀dì ká, ó padà, ó pa iná ẹ̀rọ, kò fara kan òpó kan.

Wọ́n ti lọ bi àáfà bóyá kí ìyá mi tún takaba bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Nínú àwa ọmọ, kò sí ẹni tó rí i rí kó fọwọ́ kan katakata náà. Bàbá mi, ìgbà wo lẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wà á? Níbo lẹ̀yin méjèèjì ń gbé e lọ?

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí mo fẹ́ràn yín ju bí ẹnu mi tó wú yìí ṣe lè sọ lọ.