Aró Lára Bàtà Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Yunifásítì pè mí. Wọn ò tí ì gbà mí o — wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ kan létí omi, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá mo yẹ lẹ́ni tó lè kẹ́kọ̀ọ́ nípa àyíká. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Olùkọ́ tó máa wò mí — Awò-Ńlá ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, torí awò ojú rẹ̀ tó tóbi — fún mi lófin kan ṣoṣo: "Má dáhùn ìbéèrè wọn. Jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

Àǹtí, àbúrò Bàbá, rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ṣé yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ ilẹ̀ gbígbá báyìí. Mo ní àwọn tó kà á ń di olùkọ́, òmíì ń mú àlejò wo igbó, òmíì ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, òmíì ń yẹ ohun tí ilé iṣẹ́ ń dà sódò wò.

Bàbá gbójú sókè nídìí oúnjẹ. "Wọ́n á wá rán ọ wá mú mi nìyẹn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ni Bàbá wà. Òun ló ń ṣí páìpù omi aró sódò.

Ọjọ́rú, 6

Mo bi Bàbá bóyá wọ́n ń ṣí páìpù ní Àbámẹ́ta. Ó ní rárá, kí n fọkàn balẹ̀. Odò ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà ni màá lò. Kò sí omi mìíràn tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ ń yí òkúta, wọ́n ń wá kòkòrò omi — ibi tí irú wọn bá pọ̀ sí, omi ibẹ̀ mọ́. Awò-Ńlá ń kọ̀wé lẹ́yìn wa. Àfi bí omi ṣe di aró mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti ránṣẹ́ pe Bàbá láàárọ̀ pé kó wá ṣí páìpù. Mi ò mọ̀.

Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ mọ ibi tó ti ń wá. Òfin ni òfin. Mo tẹ̀lé wọn gòkè odò. Bàbá ló dúró níbẹ̀ nínú bàtà rọ́bà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí páìpù.

Ọmọbìnrin kan kọjú sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ta ló ń dà á?"

Mo dákẹ́. Ṣé òfin ni mò ń pa mọ́ ni, àbí ojú ló ń tì mí — mi ò mọ̀. Bàbá wò mí. Ó wò mí pẹ́.

"Èmi ni," ó wí. "Bàbá àǹtí yín."

Ọjọ́ Àìkú, 10

Bàbá ò bá mi wí. Adìẹ bà lókùn — ara ò rọ òun, ara ò rọ èmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Àwọn òbí àwọn ọmọ ya bo ilé iṣẹ́. Ọ̀gá búra pé òun ò mọ̀ sí i, òṣìṣẹ́ òun kan ló ń dá a ṣe. Wọ́n ní kí Bàbá máa lọ sílé. Mi ò tí ì mọ ìrìn rìn tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín lónìí. Ó ní, "O ò tí ì dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilẹ̀ gbígbá, o ti gbá bàbá rẹ jáde."

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Wọ́n gbà mí. Awò-Ńlá ní ẹ̀kọ́ tèmi ló dára jù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 18

Awò-Ńlá ti pe Bàbá lórí fóònù. Bàbá ti gbọ́ pé wọ́n gbà mí.

Ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń fọ bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, aró ò kúrò. Ó gbé e wá síwájú mi. Ó ti ki àkísà sí iwájú rẹ̀ kó lè bá ẹsẹ̀ mi mu. Ó ní mo ti di ẹni tí á máa wọ odò kiri, kí omi má bàa bà mí lẹ́sẹ̀ jẹ́.

Mo ní ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò lè wojú rẹ̀.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ohun tó kun bàtà yẹn láró — dá wọn lóhùn."