Wọn Kò Gbà Láti Kọ Orúkọ Mi

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, ní Ìlobù

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni mí, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí wá láti Òṣogbo lónìí. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní àwọn ń bi àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń kó ọjà lọ sókè òkun léèrè, bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba rìbá lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ni mo sì jẹ́ lóòótọ́.

Mo sọ fún un bí ọkùnrin aṣọ́bodè kan ní èbúté ṣe gbowó lọ́wọ́ mi, tí kò sì tú èlùbọ́ mi sílẹ̀ títí ó fi bu. Àwọn obìnrin Ìfọ́n tó bá mi bó iṣu rẹ̀ ṣì ń wojú mi fún owó iṣẹ́ wọn.

Mo ní, “Kọ orúkọ mi sí i.”

“Àlájà, a kì í kọ orúkọ. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

“Ṣé èmi ni mo jalè ni? Kọ tèmi, kí o sì kọ ti olè náà.”

“Ẹ má bínú, mà. A ò gbọdọ̀ kọ tiẹ̀ náà.”

Ó dúpẹ́, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò lórúkọ, ta ni yóò dá a lóhùn? Àárẹ̀ mú mi. Bí mo bá tún lọ sí èbúté yẹn fúnra mi…

Kí ọkùnrin yẹn dá owó mi padà.