Ọ̀bẹ Tí Ọwọ́ Mi Lè Dì Mú

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ ti tún òrùlé tó ń jò yẹn ṣe? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí ọ, mo mọ̀ pé kò bójú mu kí ìyá fi ọwọ́ òsì kí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé látìgbà àìsàn yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti di àlejò sí mi lára, kò lè rán aṣọ, kò lè di àlùmọ́gàjí mú.

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ lé lórí. O rántí bí bàbá rẹ kékeré ṣe ní ẹni tí kò lè di ọ̀bẹ mú, kí ló ń fi ilé ìdáná ṣe, pé kí n kó kọ́kọ́rọ́ fún àwọn kí wọ́n máa gbé alùpùpù wọn síbẹ̀, kí ìyàwó wọn sì máa gbé oúnjẹ wá fún mi. Àánú mi ló ṣe wọ́n, wọn ò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Òótọ́ ni pé bí mo bá dúró láàárín ilé ìdáná yẹn, mo lè fọwọ́ kan ògiri méjèèjì, àmọ́ ibẹ̀ náà ni mo ti bọ́ gbogbo yín yó. Ìwọ nìkan lo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ọ̀bẹ ló wúwo jù, kì í ṣe pé ọwọ́ mi ò dáa mọ́.

Nígbà tí àwòrán àwọn ọ̀bẹ tí o ní kí n yàn nínú wọn dé sórí fóònù nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá iwájú, mo mú téèpù ìránṣọ mi jáde. Mo wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lójú fóònù, èyí tó gùn jù ò ju ìka mi lọ. Mo ní ilé ìdáná kékeré, ọ̀bẹ kékeré, ó bára mu. Àwọn kan wà tí wọ́n kì wọ́n rẹpẹtẹ bọ inú ihò igi kan, mo ní rárá, ta ni mo fẹ́ bá jà? Mo mú ẹyọ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ nǹkan kan nípa gígùn wọn, mo ní kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ti ń fi téèpù jẹun kí wọ́n tó bí i.

Nígbà tí páálí dé tí mo ṣí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á dé padà. Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ gùn ju àtẹ́lẹsẹ̀ mi lọ. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó dà bíi pé wọ́n dàgbà lójú ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó wá ṣàlàyé pé fóònù máa ń sọ nǹkan di kékeré kó lè gbà á. Mo bi í pé ṣé ó sọ owó rẹ̀ náà di kékeré ni. Bí mo bá gbé ọ̀bẹ yẹn lé pátákó tí mo fi ń gé nǹkan, èèkù rẹ̀ á máa gbá ilẹ̀kùn. Ìkejì ní eyín bí ayùn, mo rò pé eku ti jẹ ẹ́ ní sọ́ọ̀bù wọn, mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ pé kó bá mi rẹ́ eyín náà kúrò, òun ló sọ fún mi pé búrẹ́dì ni wọ́n fi ń gé.

Ṣùgbọ́n ìkẹta, ọmọ mi. Ó kéré, ó fúyẹ́, èèkù rẹ̀ sanra díẹ̀, kì í yọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi bó bá bọ́, mo fi í sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò bọ́. Mo gé àlùbọ́sà kan, ó pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n mo gé e tán. Inú mi dùn débi pé mo tún gé òmíràn tí n kò nílò.

Lẹ́yìn náà ni sọ́ọ̀bù béèrè lórí fóònù nọ́ọ̀sì pé ìràwọ̀ mélòó ni mo máa fún àwọn nínú márùn-ún. Mo rò ó pé owó rẹ ló máa lọ sí i, mo fún wọn ní ẹyọ kan, mo ní kí wọ́n fi ṣe sùúrù. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ pè, ó ń bẹ̀ mí, ó ní kí làwọn ṣe fún mi. Mo ní wọn ò ṣẹ̀ mí rárá, ọmọ mi ni kò tíì gbowó oṣù. Nítorí náà, bí o bá ti gbà á, jọ̀wọ́ bá mi fi mẹ́rin tó kù ránṣẹ́ sí wọn, kí o sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà kí n fi ra pátákó tuntun, èyí tí mo ń lò ti là.

Bàbá rẹ kékeré wá láti wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bóyá alùpùpù á gba ibẹ̀ wọlé. Mo gbé ìbẹ́pẹ fún wọn. Wọ́n bi mí pé ta ló gé e gbágungbàgun báyìí, mo ní èmi ni. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n jẹ ẹ́ tán pátá, wọ́n gun alùpùpù wọn lọ. Wọn ò béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́.

O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á dì ọ́ mú bí o ṣe dì mí mú. Ohunkóhun tí o bá nawọ́ sí, ọwọ́ rẹ á tó o, ọmọ tìrẹ náà á rántí rẹ sí rere. Àpò kékeré kan wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá, ilá tí mo sá gbẹ ló wà nínú rẹ̀. Má fi ojú aṣọ tí mo rán wò ó o, kò dọ́gba, òmíràn nípọn, òmíràn fẹ́lẹ́. Ọwọ́ òsì ló kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló gé ilá yẹn.

Èmi ni ìyá rẹ,
láti inú ilé ìdáná mi.