Orúkọ Bàbá Ráṣídì

Ọjọ́bọ̀, 1974

Òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù ò kúrò lọ́wọ́ mi.

Obìnrin kan gbé ọkọ rẹ̀ wá sí ọsibítù wa láti Ìsàlẹ̀ Gángan láàárọ̀. Òtútù àyà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà. Akọ̀wé káàdì béèrè orúkọ aláìsàn.

"Bàbá Ráṣídì."

"Orúkọ gidi, ìyàwó!"

"Ẹ dákun sà, n kì í dárúkọ wọn."

Akọ̀wé burúkú yẹn bú sẹ́rìn-ín, ó kọ "Baba Rasidi" sórí káàdì tuntun. Ní wọ́ọ̀dù, dókítà bi obìnrin náà bóyá abẹ́rẹ́ kankan wà tí kì í bá ọkọ rẹ̀ lára mu.

"Gbogbo ẹ̀ wà nínú káàdì wọn, sà."

Káàdì tuntun ṣófo. Dókítà ní kí n gún un ní pẹnisílínì, mo gún un. Kí n tó fọ abẹ́rẹ́ tán, ó ti kú.

Ìyàwó tó mọ̀wà á hù! Ẹ̀kọ́ ilé rádaràda!

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ ìwé ikú, ó dárúkọ ọkọ rẹ̀ ketekete: Múfútáù Àjàní. Kíá ni akọ̀wé fa káàdì àtijọ́ yọ. Yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sókè pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún un ní pẹnisílínì.

Obìnrin náà ò mọ̀wé. Ó na ìka sí yíǹkì pupa náà. "Nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo ní, "Orúkọ wọn ni."