Kọ̀ǹpútà Ní Agbára Ru ní Èbúté

Agbo-ilé wa, lẹ́yìn Ọjà-Ọba,
Ìlọrin.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Sakinah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́, àti onílé yín tí o ní ó máa ń kanra bí ilẹ̀ bá ti mọ́? Kí Ọlọ́run Ọba fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kó lè fi tiyín náà balẹ̀. Àdúà mi lórí rẹ ni pé bí o bá jáde, ibi kò ní pàdé rẹ, bí o bá wọlé, ibi kò ní bá ọ nílé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jẹ nínú òógùn ojú rẹ láìṣiṣẹ́, kí eyín rẹ̀ máa ro ó. Àmín.

Tiwa ńbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń sọ fún mi bí òjò bá ń bọ̀, ó sì ń sọ òótọ́ ju rédíò lọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, méjì ló bí, akọ kan, abo kan, ṣùgbọ́n akọ náà ti jẹ etí fìlà mi tí mo ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀ọ̀. Ògiri ẹ̀yìnkùlé tí ó ń dá ìyá rẹ lóró ti dúró, a fi igi tì í.

Kì í ṣe pé mi ò lè pè ọ́ lórí fóònù o, ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, kí n tó kí ọ tán, kí o tó dáhùn tán, obìnrin tó wà nínú fóònù yẹn á ti ní owó mi ti tán, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ dé ìdajì. Dírẹ́bà kan tó ń ti Ọ̀fà Garage lọ sí Èkó ni mo fẹ́ fún ní lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ sí mi ni.

O rántí pé nígbà tí o wá ṣe iléyá, ìwọ lo ní kí á gba ohùn ẹ̀gbọ́n mi Asabe sílẹ̀, kí wàkà tí ìyá wa máa ń kọ fún ìyàwó tuntun má baà parẹ́, nítorí pé Asabe nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọjọ́ kan wà tó máa ń fi orúkọ bàbá wa pè mí, èmi náà á sì jẹ́ ẹ. O fi kọ̀ǹpútà àgbélétan ránṣẹ́, o fi máíkì kékeré kún un, èyí tí a ń ki ẹnu okùn rẹ̀ bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ihò mẹ́ta ni mo kà. Mo ní ọmọ mi ṣeun, ihò mẹ́ta kò kéré.

Nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Asabe jókòó lórí ẹní, ó ní ooru ń mú òun, kò sì síná. Mo bá ki fáànù kékeré tí mo rà ní Ọjà-Ọba bọ ihò kan, mo ki iná tí mo fi ń kàwé bọ èkejì, mo ki máíkì bọ ẹ̀kẹta. Asabe ní Bìsìmíláì, ó la ẹnu. Kò tíì kọ ìlà kejì parí tí kọ̀ǹpútà fi dún gbìn-ín, ó gbé àkọlé pélébé kan jáde ní igun ìsàlẹ̀, máíkì sì kú. A tún un ṣe, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan.

Èébó ni àkọlé náà, mo bá ránṣẹ́ pe Àbdùlkàrímù, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ wá, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ó wọ awò ojú, ó ṣí ìwé síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ní ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ ni pé agbára ti ru sókè ní èbúté, ohun kan tí a kò mọ̀ sì ń béèrè agbára ju èyí tí èbúté lè pèsè lọ. Mo ní èbúté báwo? Ó ní ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ó fi ìka tọ́ ọ fún mi nínú ìwé. Sakinah, mo dìde dúró. Èbúté wo ni mo mọ̀ láyé bí kò ṣe Àpápá tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́?

Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ ní ọjọ́ Àlàmísì yẹn tí mo ní kí o má lọ síbi iṣẹ́, kí o wá ibi gíga kan gùn, tí o sì ń bi mí pé, Bàbá, ibi gíga wo? O ní oòrùn ń ràn, omi wà ní àyè rẹ̀. Mo ní alíámúdù lílàì, ṣùgbọ́n n kò gbà ọ́ gbọ́ tán, torí ọmọ tó bá fẹ́ràn bàbá rẹ̀ lè fi nǹkan pamọ́ kí ọkàn bàbá lè balẹ̀. Mo ní kí ìyá rẹ ṣe sàráà. Ó dín àkàrà, àwọn ọmọ ilé-kéú jẹ ẹ́, wọ́n sì ṣàdúà kíkankíkan pé kí omi Èkó rọ̀. Bí o bá rí i pé omi kò ru rárá lọ́sẹ̀ yẹn, o mọ ẹni tí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta tí o ṣì ń gbé fóònù rẹ, mo mọ̀ pé èbúté wà ní àlàáfíà. Ó wá ku ohun tí a kò mọ̀ tó ń béèrè agbára. Mo yọ fáànù kúrò nítorí ariwo rẹ̀, mo yọ iná ìkàwé nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́, mo yọ máíkì kí ohùn mi má baà dàpọ̀ mọ́ ti Asabe, mo wá ka Àyátúlì Kúrísíyù sí kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀méje. Àkọlé náà kò jáde mọ́! Mo sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí, wọ́n bá mi yọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Asabe jókòó, mo dá ohun gbogbo padà sí ihò rẹ̀, kò tíì mí kanlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà tún dún gbìn-ín.

Níbi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Ìyá rẹ Salimat máa ń gba fóònù àwọn tí wọ́n jọ ń ta òwú lọ́jà, ó máa ń yọ iná mi láti fi wọ́n sẹ́nu kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè mu iná díẹ̀, nítorí iná kì í sí níbi ìsọ̀ wọn. Mo rí fóònù kan tó so níbẹ̀, inú bí mi, mo sì sọ níwájú Àbdùlkàrímù àti Asabe pé Salimat ni ohun tí a kò mọ̀ tó ń jẹ agbára wa. Ìyá rẹ kò pariwo. Ó kàn bi mí pé ọdún mẹ́tàdínlógójì tí òun ti wà nínú ilé yìí, ṣé òun wá ni a kò mọ̀. Ó yọ fóònù náà, ó ká okùn rẹ̀, ó wọ yàrá Asabe lọ, ibẹ̀ ló sì ń sùn láti ọjọ́ náà. Oúnjẹ mi kò yẹ̀ o. Á gbé e kalẹ̀, á bò ó, á lọ, kò ní sọ pé ẹ jẹun. Mo ń jẹ ẹ́, kò dùn lẹ́nu mi.

Kò sí fóònù níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà kò yéé dún. Asabe wò mí títí, ó ní, Mọ̀múdù, o ti lé ìyàwó rẹ tán, ta ló tún kù tí o máa lé? Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí Asabe ń kọ wàkà náà fún ara rẹ̀ nídìí àdògán, ó kọ apá kìíní, ó tún padà sí apá kìíní, kò rí ọ̀nà dé apá kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní apá kejì á wá bá òun bó bá yá. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì mo fi ṣọ́ọ̀lù mi wé kọ̀ǹpútà, mo kó máíkì àti gbogbo okùn sínú àpò, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Ṣàngó níbí, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Rodiyah lorúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. Ó ní kí ni mo máa ń kì bọ̀ ọ́. Mo kà á fún un, fáànù, iná, máíkì, fóònù àwọn olówùú. Ó ní, Bàbá, ihò yìí ni wọ́n ń pè ní èbúté, kì í ṣe ti ọkọ̀ ojú omi, iná tó sì lè pèsè kò ju ìwọ̀nba, bí a bá di ẹrù lé e lórí jù, á ké pé òun ò lè gbé e mọ́. Mo ní ṣé kò sí omi kankan nínú ọ̀rọ̀ náà? Ó ní kò sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí àga tí mo jókòó sí.

Ó yọ gbogbo nǹkan kúrò, ó pa kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ kó sinmi, ó tún tan án, ó wá ń kì wọ́n bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní dírẹ́bà tó ń bójú tó àwọn ihò náà ti gbó, òun fẹ́ yọ ọ́ kí òun fi tuntun sí i. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ nítorí tèmi, kó má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, bóyá ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Rodiyah ní inú kọ̀ǹpútà ni dírẹ́bà yìí ń gbé, kì í jẹun, kò sì níyàwó. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa lọ ní àlàáfíà.

Máíkì ṣiṣẹ́ ní ihò méjì. Nígbà tó dé ihò kẹta, àkọlé náà jáde. Rodiyah tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, ó pè mí wá wò ó. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti ṣẹ́po, ọ̀kan ń kan èkejì. Ó ní ẹnìkan ti dorí nǹkan kodò, ó sì fi agbára tì í wọlé. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni náà.

Mo mọ̀ ọ́n, Sakinah. Ọjọ́ tí máíkì náà dé, kò wọlé, mo ní Bìsìmíláì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó sì wọlé. Mo rò pé àlùbáríkà ni.

Rodiyah na irin náà díẹ̀, ó ní òun ò fọkàn tán an, ó fi sẹ́lótéèpù bo ihò náà, ó ní a ò gbọdọ̀ lò ó mọ́, bí a bá sì ń lo máíkì, kí fáànù má sí níbẹ̀. Owó tó gbà kò tó nǹkan, ó ní kí n fi àdúà kún un.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi. Níwájú ènìyàn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ, níwájú ènìyàn ló sì yẹ kí n ti kó o jẹ. Mo pe Àbdùlkàrímù, mo pe Asabe, mo pe Salimat jáde, mo ní ọwọ́ mi yìí ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́, ẹnu mi yìí ló sì ba ilé jẹ́, kó fi orí jì mí. Àbdùlkàrímù ní tòun náà wà níbẹ̀, torí òun ni òun kó ọkọ̀ ojú omi wọnú ọ̀rọ̀. Ìyá rẹ súnmọ́ mi. Ó gba fìlà lórí mi, ó wo ibi tí ewúrẹ́ jẹ, ó mú un lọ rán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ní ẹ jẹun.

Àná, ọjọ́ Sátidé, ni a gba ohùn náà. Nítorí pé a kò lè lo fáànù, ìyá rẹ mú abẹ̀bẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn Asabe, ó ń fẹ́ ẹ. Asabe bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó sì là. Ó kọ apá kìíní tán. Nígbà tó kù kó bọ́ sí apá kejì, ó dákẹ́. Ó wo iwájú, ó wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí i pé apá kejì kò sí níbẹ̀. Mo ń wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ń wò mí, kò sí ohun tí èmi àtòun lè ṣe. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn Asabe, jẹ́jẹ́, abẹ̀bẹ̀ kò sì dúró:

Ẹ bá n wí f'ọ́mọ tó re ìlú òkèèrè,
Bó pẹ́ bó yá, ẹsẹ̀ á mọ̀nà ilé.

Ìyá rẹ ni. Asabe yíjú wò ó, ó gbá a mú lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì bá jọ kọ ọ́ dé òpin, ìlà mọ́kànlélógún, n kò gbọ́ gbìn-ín kan. Nígbà tí wọ́n parí, mo bi í pé níbo ló ti mọ̀ ọ́n. Ó ní nígbà tí òun ń fún ọ lọ́mú, tí o kì í sùn, ìyá mi ló máa ń wá jókòó ti òun, tó ń kọ́ òun ní díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́. Ó ní n kò bi òun rí ni. Òótọ́ ni, n kò bi í rí. Ó ní kí n má kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mo sunkún, n kò sì ní kọ ọ́.

Ó ku ohun tí a fẹ́ kí o ṣe. Rodiyah ní nǹkan kan wà tó ní ihò púpọ̀, tó ń jẹ iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kì í ni kọ̀ǹpútà lára. Kí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Kí o fi owó ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú iná pamọ́ fún fóònù kún un, kí ìyá rẹ gbé e lọ sọ́jà fún àwọn olówùú. Kí o ra aṣọ kan fún ìyá rẹ, aláwọ̀ ewé, kó má ṣe mọ̀ pé èmi ló ní kí o rà á. Bí owó náà kò bá ká gbogbo rẹ̀, fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná, ra aṣọ. Bí àyè bá sì gbà ọ́, wá sílé kí oṣù yìí tó parí, kí o wá jókòó ti Asabe àti ìyá rẹ, kí wọ́n kọ́ ọ.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àjò rẹ. Ilé ọkọ tí yóò mọ iyì rẹ ni Ọlọ́run á mú ọ wọ̀, wọn ò ní pè ọ́ ní ẹni tí a kò mọ̀ nínú ilé tí o bá tún ṣe. Asabe kí ọ, Àbdùlkàrímù kí ọ. Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mọ̀múdù.