Ẹ́ńjìnnì Tuntun Tí Wọ́n Fún Ọ

Clonbrack, Offaly,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 1961.

Fergal ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ lórí ibùsùn ọsíbítù. Ṣé ẹsẹ̀ ti ń san? Dympna ìyàwó rẹ sọ pé o ti ń jẹun dáadáa. Kí Ọlọ́run so egungun náà pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè sọ lójú rẹ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń wa ẹ́ńjìnnì lórí ojú irin tóóró, tí mo ń fa eèpẹ̀ ìdáná, eèpẹ̀ irà tí a gé sá gbẹ fún iná, jáde nínú irà. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísù tuntun dé, tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán yinrin, mo ti fọ ìbọ̀wọ́ mi sílẹ̀ dè é. Àfi bí fọ́mánì Geraghty ṣe ní kí ìwọ máa wà á. O ní, "Malachy, má bínú o! Ògbólógbòó tìrẹ yẹn ṣì lè wúkọ́ délé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ fèrè rẹ, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi mọ́. Mo gbàdúrà kí ẹ́ńjìnnì náà bàjẹ́. Èmi, baba ìsàmì ọmọ rẹ!

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò rọ̀, irin rì lábẹ́ mi nítòsí afárá, omi dúdú sì yọ sókè. Tèmi fúyẹ́, mo rọra kọjá. Mo mọ̀ pé tìrẹ wúwo jù. Níbi tí a ti ń mu tíì, o bi mí pé, "Malachy, ojú irin ńkọ́?" Mo ní, "Kò séwu."

Bí o ṣe gbéra ni mo sáré tẹ̀lé ọ, mo ń pariwo, o kò gbọ́. Mo ń wò ó nígbà tí irin rì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ, tó dojú dé, tó sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ mọ́lẹ̀. Mo fà ọ́ yọ, o sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́nu. Ọpẹ́ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Lánàá mo jẹ́wọ́ fún fọ́mánì. Ó ní, "Máa lọ sílé. Ọjọ́ tí Fergal bá ní kí o padà ni kí o padà." Nítorí náà, ọwọ́ rẹ ni mo wà.

Kí ara rẹ mókun. Kí o fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé bá ọmọ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,
Malachy Tiernan.

Mo gbàgbé: wọ́n ti wọ́ ẹ́ńjìnnì náà jáde, wọ́n sì ti tún un ṣe. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ló ń fọn fèrè kọjá. N kò mọ ẹni tó ń wà á. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo ti ń ṣe ìlara onítọ̀hún náà.