Ọwọ́ Bàbá Wa Kò Sí Nínú Ọkọ̀ Náà: Ìgbésí Ayé Olóògbé Philemon Adéríbigbé Ọmọ́túndé (1966–2024)

Ní ilé Ọmọ́túndé ní Erinje, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ni a ti bí bàbá wa, Philemon Adéríbigbé, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1966. Olóògbé Vincent Ọmọ́túndé, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó sì ń fún epo, ni bàbá tó bí wọn. Ìyá wọn ni Olóògbé Aníwúrà, ọmọ bíbí Akotogbo, ẹni tí púpurú rẹ̀, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, kì í pẹ́ tán lọ́jà. Ọmọ mẹ́rin ni àwọn méjèèjì bí, bàbá wa sì ni àbíkẹ́yìn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Erinje ní ọdún 1972, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1978. Ní 1981, bàbá wọn já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ parí sí. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Victor ní Òkìtìpupa. Wọ́n gba òmìnira ní 1987, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn lẹ́bàá títì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1993, wọ́n gbé ìyá wa, Mildred, aránṣọ, níyàwó nínú ìjọ Aládùúrà tí àwọn méjèèjì ń lọ. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1999 ni iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyá Lucy, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, gbé ọkọ̀ Pijó ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá, ó ní kí wọ́n kùn ún. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí bí epo dúdú àti ìpẹtà ṣe bo gbogbo inú rẹ̀, wọ́n ní kí ìyá fún àwọn ní oṣù kan. Wọ́n tú ìdérí ẹ́ńjìnnì, ibi tí bátìrì ń jókòó, àti gbogbo irin kéékèèké tó wà níbẹ̀. Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, wọ́n họ ìpẹtà kúrò títí irin fi funfun, wọ́n sì fi ọ̀dà tí iná kì í bà jẹ́ kun èyí tó máa ń gbóná. Nígbà tí ìyá náà dé, tó wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Philemon, bí ọkọ mi ṣe rà á nìyí."

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń gbé ọkọ̀ wá láti Oǹdó àti Benin nítorí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan. Àwọn mìíràn ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò ni wọ́n ń ṣe lóge. Bàbá wa máa ń sọ fún wa pé kí péńtà tó fọ́n ọ̀dà, ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan gbogbo irin, kò sì sí ohun tí irin lè fi pa mọ́ fún un.

Nínú ìjọ, bàbá wa ni olórí ẹgbẹ́ tó ń tún ilé ìjọsìn ṣe láti 2004. Gbogbo fèrèsé onírin tó wà níbẹ̀, ọwọ́ wọn ló kùn ún. Ní àdúgbò, àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn péńtà fún ọdún mẹ́jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ péjọ síbí lónìí, púpọ̀ nínú yín mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2017. Ohun tí ẹ gbọ́ ni ẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ti rí.

Ní oṣù kejì ọdún náà, ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ gbé bọ́ọ̀sì kékeré kan wá, ó ní kí bàbá kun inú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ó lè tà kíá. Ìyá wa wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán wá ni. Bàbá họ irin díẹ̀, wọ́n sì dúró.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ òsì jókòó sí ti jẹrà. Ẹ gbé e lọ fún wẹ́dà kó fi irin tuntun sí i kí n tó kùn ún."

Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀dà ni mo ní kí o kùn, n kò ní kí o yẹ ọkọ̀ mi wò. Fi pọ́tì dí i."

"N kò lè ṣe é. Ènìyàn ló máa wọ̀ ọ́."

Ó fi ìbínú wa bọ́ọ̀sì náà lọ. Péńtà mìíràn fi pọ́tì, ohun rírọ̀ tí kò lágbára bí irin, dí ihò náà, ó sì kùn ún dáadáa.

Ní oṣù kẹrin, bọ́ọ̀sì yẹn ń kó àwọn oníṣòwò bọ̀ láti Akotogbo sí ọjà Òkìtìpupa. Ẹsẹ̀ iwájú òsì ya sábẹ́ rẹ̀, ó wọ igbó. Ènìyàn mẹ́ta ló kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyanu, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá wa. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ han àwọn ènìyàn, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe ń dán. Ta ló tún ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bí kò ṣe Philemon?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú gbà á gbọ́.

Bàbá wa lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹ̀rí. Kí wọ́n tó padà dé, ìjọ ti ní kí wọ́n bọ́ sùtánà níwájú gbogbo ìjọ, kí wọ́n sì máa jókòó lẹ́yìn. Onílẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá wa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ojú àwọn ló ṣe nígbà tí ọkọ àwọn kọ iṣẹ́ náà. Àwọn ènìyàn ní kí ni aya yóò tún sọ.

Àwọn ẹbí ní Akotogbo ní kí bàbá wa má ṣe tẹ ìlú àwọn mọ́. Ibẹ̀ sì ni ìyá wọn ń gbé. Nígbà tí Màmá Aníwúrà kú ní 2019, wọ́n sin ín láìjẹ́ kí àbíkẹ́yìn rẹ̀ rí ojú rẹ̀. Orí fóònù ni bàbá wa ti gbọ́ orin ìsìnkú ìyá wọn, títí ẹnìkan fi pa fóònù náà.

A kò ní purọ́ pé ọkàn wọn balẹ̀ pátápátá. Wọ́n sọ fún Juliet, àkọ́bí wọn, lọ́jọ́ kan pé, "Mo kọ iṣẹ́ náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò pariwo. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn máa pa ènìyàn, mo sì jókòó jẹun." Títí di ìgbà náà, àwọn nìkan ni a gbọ́ tó dá ara wọn lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí tí kò sí ẹni tó fẹ́ yá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, inú yàrá kan lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti ń kun irin díẹ̀díẹ̀ tí àwọn ará Benin ń fi ránṣẹ́. Yàrá náà kò ní ju fèrèsé kan lọ. Kó tó di ọdún 2020, ikọ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, péńtà tó kun bọ́ọ̀sì náà wá bá àwọn àgbà ìjọ, ó ní, "Èmi ni mo fi pọ́tì dí i. Philemon kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." A kò dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ wá. Àwọn àgbà ní kí ó dákẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó ti rọlẹ̀ má baà tún ru sókè. Wọ́n fi sùtánà bàbá sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí ẹnìkan gbé e wá sílé. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí bàbá, wọ́n sì lọ bá àwọn àgbà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin bàbá, iwájú ìjọ ni ẹ ti bọ́ ọ lọ́rùn mi. Iwájú ìjọ ni kí ẹ ti sọ pé n kò jẹ̀bi." Àwọn àgbà ní kí wọ́n lọ ní sùúrù. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ní sùúrù.

Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2024. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ tán.

Inú ọgbà bàbá wọn ni a ó sin wọ́n sí lónìí, bí wọ́n ṣe fẹ́, kì í ṣe itẹ́ òkú ìjọ. Àwọn ará Akotogbo fi ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. A ti tẹ́ àga fún wọn.

Wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀ sáyé lọ, ìyá wa, Mildred. Àwọn ọmọ: Juliet, Victor àti Jésùtófúnmi. Àti àwọn ọmọ ọmọ mẹ́rin, tí Olúwafúnmiláyọ̀ kéré jù nínú wọn, ọmọ oṣù mẹ́ta.

Bàbá wa, ohun tí ẹ ní kí wọ́n sọ, a ti sọ ọ́, gbogbo wọn sì ti gbọ́. Ẹ lọ sinmi lọ́dọ̀ Ẹni tí kì í dájọ́ lórí àhesọ. Kí ilẹ̀ Erinje rọ̀ yín lẹ́yìn. Ẹ sùn re o.